Ọmọ Iṣẹ́ Tó Wọ Ìdí-Àrà

Ọwọ́ Ìyá Fadilah gbàgbé iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́. Ó jókòó sídìí máṣìnì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mowe, ó ń rán bùbá ìyàwó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ gìrìgìrì lórí pẹ́dà, àfi bó ṣe dúró. Ó wo abẹ́rẹ́. Ó wo aṣọ. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù ẹlẹ́rù dání.

"Fadilah," ó pè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wá bá mi wò ó. Kí ni mo fẹ́ fi aṣọ yìí ṣe?"

Fadilah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń lọ ṣòkòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, nítorí ìyá rẹ̀, Fàúsátù télọ̀, kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú kó má tíì fi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó rí kùrukùru aláwọ̀ aró tó fẹ́lẹ́ bí èémí láàárín ìka ìyá rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò. Ṣòkòtò oníṣòkòtò jó, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń gbé Mowe tí kò mọ ibi tí kùrukùru náà ti ń wá. Lẹ́yìn àbàtà tó wà láàárín wa àti Ifọ̀, níbi tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ kì í fẹ́ kí oníbàárà wọn bojú wò, ni Ìdí-Àrà wà. Olú-ìlú ni láyé ijọ́un. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀, àwọn ọ̀mọlé ibẹ̀, àwọn ahunṣọ àti agbẹ́gilére ibẹ̀ ló kọ́ gbogbo ayé níṣẹ́. Títí di òní, bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ẹni tó bá dúró lórí afárá tó gba orí títì Èkó sí Ìbàdàn kọjá yóò rí ṣóńṣó ààfin náà lókèèrè tó ń dán, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi dígí juwọ́ síni.

Ọba tó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀, Ọba Adéyẹ́misí, ni kò lè gbà á mọ́ra pé òun tí òun jẹ́ ọba ni òun ń sọ fún káfíńtà pé ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa wá. Inú ń bí i pé àwọn èèyàn ń pe amọ̀kòkò lásán ní ọ̀gá. Ó ní ọ̀gá kan ṣoṣo ló yẹ kó wà nílùú. Ó bá ránṣẹ́ pe àwọn olóògùn rẹ̀, wọ́n fa ìmọ̀ iṣẹ́ jáde kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, wọ́n fà á jáde lára gbogbo irinṣẹ́, wọ́n rọ ọ́ sínú igbá ràgbàjì kan láàfin, kí iṣẹ́ lè máa ṣe ara rẹ̀. Odidi ọjọ́ méje ni iṣẹ́ fi ṣe ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, igbá sán. Ìmọ̀ kò gba ibẹ̀ jáde. Kùrukùru ló jáde, ebi ń pa á, ó ń wá ìmọ̀ mìíràn tí yóò gbé mì. Òrùlé gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bo ilé. Ilẹ̀kùn gbàgbé ṣíṣí. Kèrègbè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba omi dúró. Kí oòrùn tó wọ̀, ìlú tó kọ́ ayé níṣẹ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná ọbẹ̀ mọ́, gbogbo wọn sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, afẹ́fẹ́ á gbé díẹ̀ nínú kùrukùru náà wá sọ́dọ̀ wa. Ó ti mọ́ àwọn ará Mowe lára. Ọ̀kadà á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tanná, kọ́kọ́rọ́ á gbàgbé àgádágodo rẹ̀, bó bá di ọjọ́ kejì ó ti tán. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ọwọ́ ènìyàn, kì í jáde mọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Bàbá Ògúnkànmí, birikìlà tó ń gbé nínú ilé tó kẹ́yìn kí a tó kan àbàtà. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí bàbá náà ti wọ Ìdí-Àrà pé òun fẹ́ fi sìmẹ́ńtì dí ojú ibi tí igbá ti sán. Láti ìgbà náà kò lè gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

Ṣíbí yẹn gan-an ni Fadilah ń rò. Kùrukùru kì í dúró níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ mú, á wá kan ọwọ́ tí ènìyàn fi ń wọṣọ, á wá kan ọwọ́ tó fi ń jẹun. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ró ìró mọ́. Fadilah ló bá a ró o, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé tó fẹ́ lọ sílé kéú. 

"Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí jẹun," ìyá rẹ̀ ní. "Bó bá lọ, ta ló wá kù tó ń jẹ́ Fàúsátù?"

 Ní òru ọjọ́ náà Fadilah kò fi bẹ́ẹ̀ sùn, nígbà tó sì fi máa kírun àsùbáà, ó ti pinnu. Igbá tó bá sán, ṣebí rírán ni wọ́n ń rán an? Bàbá Ògúnkànmí fi sìmẹ́ńtì dí igbá, àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ta ló mọ rírán ju télọ̀ lọ? Òun fúnra òun ti kọ́ṣẹ́ pé ọdún mẹ́rin lábẹ́ ìyá òun. Fírídọ̀mù òun ló kù tí wọ́n fẹ́ ṣe bí ọyẹ́ bá ti lọ. Kò sí ẹni tó ń rán ọrùn aṣọ bíi tirẹ̀ láti Mowe dé Ìbàfọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ fún èèyàn púpọ̀.

Nọ́fíù ọlọ́kadà, aládùúgbò wọn, ló gbé e dé etí àbàtà. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń ṣàròyé. Ó ní òun kò ní kọjá ilé bàbá yẹn o, nítorí lọ́dún tó kọjá ọ̀kadà òun gbàgbé bíréèkì, abẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran ni òun ti bá ara òun.

Bàbá Ògúnkànmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Fadilah kúnlẹ̀ kí i. Bàbá náà wo àpò tó gbé kọ́ èjìká, ó rí abẹ́rẹ́ ńlá, òwú àti sísọ́ọ̀sì.

"Abẹ́rẹ́ nìwọ mú wá," ó ní. "Èmi mú àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ọ̀gá la jọ jẹ́. Máa lọ, mo máa wà níbí tóo bá dé."

Fadilah gba orí pákó tí wọ́n tò sórí àbàtà kọjá, ó wọ ẹnubodè. Ọlọ́run ló mọ bó ti pẹ́ tó tó ti ń ro ìlú náà lọ́kàn rẹ̀, síbẹ̀ kò rò ó dé ibi tó dé. Ògiri rẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ìdun, àwọn òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ àti ẹja sí lára nà lọ bí ẹni pé wọn kò lópin. Ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sì ti gbàgbé ara rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gùn ún tán, ìsàlẹ̀ náà ni yóò tún bá ara rẹ̀. Kànga wà tí omi rẹ̀ dúró lófuurufú lókè ojú kànga, kò mọ ibi tó yẹ kó wà.

Kò tíì rìn dé òpó kẹwàá tí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ fi tú sí méjì, irin méjì tí kò mọ ara wọn rí. Ó mú òwú dání, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gèlè rẹ̀ já bọ́, ó mú un, ó ń wò ó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń wé e.

Nígbà náà ni ẹ̀rù bà á. Kò fẹ́ lọ sílé ní orí lásán. Ìtìjú yẹn nìkan ló kù tó mọ̀. Ó ṣẹ́ gèlè náà po, ó tú. Ó lọ́ ọ, ó tún tú. Ó pẹ́ gan-an lórí rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń lọ́ ọ, títí ó fi rí ọ̀nà kan lọ́ ọ mọ́ra tó sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́, tó dúró lórí rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó bá yí padà.

Bí Bàbá Ògúnkànmí ṣe rí i, ẹ̀rín pa á. "Ta ló kọ́ ọ ní irú gèlè yìí?"

"Inú ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, Bàbá."

Ẹ̀rín dá lẹ́nu bàbá náà.  Ó wá sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé láti ọgbọ̀n ọdún, òun kò tíì rí ẹni tó mú nǹkan kan bọ̀ láti ibẹ̀.

Nílé, Fadilah jókòó sídìí máṣìnì, ó rí i pé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti lọ. Kò mọ iwájú aṣọ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó bí arúgbó méjì tí wọ́n gbàgbé sí ilé àlejò. Nígbà tó ṣe, Fadilah tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Bí ìtẹ́ ẹyẹ náà ni. Ó tú u, ó tún wé e. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá rọra ṣàlàyé ohun tó ń wá sí i lọ́kàn fún ìyá rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá gbé wọ ìlú yẹn ni kùrukùru ń gbà. Ohun tí ó bá kọ́ níbẹ̀, kò gbà á.

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ẹ̀rín tó ti sọnù láti ọjọ́ Ajé yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kò ní ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ajuwọn, ṣé sísọ́ọ̀sì ni mo mú dání? Ìgbálẹ̀ ni. Mo gbálẹ̀ kí wọ́n tó jí. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá kọ́ṣẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ bá igbá yẹn, ẹ ń ṣe ọ̀gá fún un. Ọ̀gá kan ló kúkú bà á jẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́fíù tún gbé e lọ. Ó bi í léèrè àpò rẹ̀, Fadilah ní òun kò mú nǹkan kan. Nọ́fíù ní kó tilẹ̀ mú omi. Fadilah ní rárá. Nọ́fíù wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo, ó ní lóòótọ́, kùrukùru kò ní rí nǹkan jí níbẹ̀.

Ìgbálẹ̀ wà nílé tó lè mú wá, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ Mowe á gbàgbé ilẹ̀ gbígbá lẹ́nubodè. Ó rí ọ̀pẹ kan tó hù láàárín òkúta nínú ìlú náà, imọ̀ rẹ̀ gbẹ sílẹ̀. Láyé Fadilah kò ṣe ìgbálẹ̀ rí. Ọjà ni wọ́n ti ń rà á. Ó jókòó, ó ń fi èékánná bó ewé kúrò lára imọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gún un lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ bó ṣẹ́. Nígbà tí oòrùn fi máa dé góńgó orí òpó, ó ti ní ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi ọ̀kan nínú wọn di ìdí rẹ̀. Ó gbá ilẹ̀ wò. Ìgbálẹ̀ náà kò mọ iṣẹ́ mìíràn rí láyé rẹ̀, kò sì ní nǹkan kan láti gbàgbé. Ó gbá a mọ́.

Báyìí ló ṣe gbálẹ̀ wọ ààfin. Àgbàlá náà tóbi, eérú àti ewé ti kún un dé orókùn. Ó gbá a láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì ń kọrin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ nídìí máṣìnì. Ibi tó gbá dé ni kùrukùru ń sún sẹ́yìn dé, bí adìẹ tí wọ́n ń lé kúrò níbi àgbàdo. Láàárín àgbàlá ni igbá náà wà. Ó fẹ̀ tó àtẹ tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ lé, ó sán láti ẹnu dé ìdí. Ó ń kùn bí ilé oyin.

Fadilah gbé ìgbálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi," ó ní. "Mo wá kọ́ṣẹ́."

Kíkùn igbá náà dá dúró. Gbogbo ìlú dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ àgbàlagbà di ìka rẹ̀ mú, ó sì kó wọn jọ bí ẹni tó di hámà dání.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu irin títí apá rẹ̀ fi wúwo, bẹ́ẹ̀ kò sí irin níbẹ̀. Nígbà tó lù ú ṣì, igbá náà pòṣé, òṣé gbàùn bíi ti ìyá rẹ̀ gan-an, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó lù ú gún, iṣẹ́ náà gba apá rẹ̀ kọjá bí omi tó gba ọpọ́n kọjá, ó jáde lọ. Nítòsí ibẹ̀, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan tó ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ké kíín, tó ṣí.

Nígbà náà ló yé e. Ìmọ̀ kò kọ̀ láti jáde nínú igbá látìgbà yìí. Kò rí ọwọ́ tí yóò gbà jáde ni. Ìmọ̀ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ló fi ń rìn, ọba sì ti fòpin sí ọmọ iṣẹ́ nílùú rẹ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀mọlé, òrùlé ààfin dìde dúró lórí rẹ̀. Ó kọ́ híhun, ó kọ́ irun dídì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò tí kò ní jò, omi tó wà lófuurufú sì balẹ̀ gbùdù sínú kànga. Ó kọ́ bí alábàárù ṣe ń dá ẹrù gbé láìpe ẹnikẹ́ni. Àwọn kan yá a lára, àwọn kan gbà á ní òṣé mẹ́fà méje. Iṣẹ́ ọbẹ̀ sísè pa á lẹ́rìn-ín nítorí ebi ti ń pa á. Bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti padà sílé rẹ̀, kùrukùru á dín kù, nítorí àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ ti kún. Àkókò ìrun alásárì ti tó nígbà tí ohun tó kẹ́yìn wọ ìka rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni. Ó mọ bó ṣe ń fi eyín gé òwú. Ó mọ bó ṣe ń rán padà sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó so ó, kí aṣọ oníbàárà má baà tú lójú agbo.

Ṣùgbọ́n èyí kò jáde lọ bíi ti àwọn yòókù. Ó padà sínú igbá, ó ń yí po níbẹ̀. Ilé rẹ̀ jìnnà, Mowe ni. Ọwọ́ Bàbá Ògúnkànmí náà wà níbẹ̀, àti ọdún mẹ́rin Fadilah fúnra rẹ̀.

Fadilah tú gèlè rẹ̀. Ó lọ́ ọ ní ọ̀nà tó kọ́ ní ìlú yìí, ó wá rí i pé láti ọjọ́ tó ti ń wé e, òṣùká ló ń ṣe. Ó gbé e lé àtàrí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dá ẹrù gbé bí alábàárù: ó gbé igbá lé orókùn, láti orókùn dé àyà, láti àyà dé orí. Igbá náà jókòó pẹ́ẹ́ lórí rẹ̀, bí ọwọ́ ọ̀gá tó ń wúre fún ọmọ iṣẹ́.

Ó rìn jáde. Ó sọ àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tó yẹ. Àwọn ẹyẹ ara òpó dán lójú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bó ti ń kọjá ni fèrèsé ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣí wọn, wọ́n kàn rántí ni. Nígbà tó jáde lẹ́nubodè, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ńlá rọra padé lẹ́yìn rẹ̀ tí ó tún ṣí, bí ilẹ̀kùn tó ń dán ara rẹ̀ wò.

Bàbá Ògúnkànmí ti dìde kó tó débẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.  Ó lọ síbi búlọ́ọ̀kù tí ewéko ti bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó gbé ọ̀kan, ó gbé e lé èkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tẹ́. Ó tẹ́.

"Bọ́lá," ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, "mú ṣíbí náà fún mi o, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi jẹun. Ibo lẹ gbé e sí?"

Nọ́fíù tó ń dúró de Fadilah sọ pé igbá yẹn kò lè gun ọ̀kadà òun láéláé. Ó sì gùn ún. Fadilah jókòó lẹ́yìn, igbá lórí, ọwọ́ kan lára rẹ̀, wọ́n wọ Mowe báyìí. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Èkó dúró létí títì. Àwọn ọlọ́kadà mìíràn tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń tẹ fèrè, títí ó fi di ogún. Ẹnì kan kígbe bèèrè pé ìyàwó ta ni wọ́n ń gbé lọ, Nọ́fíù dáhùn pé ìyàwó kọ́, ọ̀gá ni.

Ìyá Fadilah wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kí Fadilah tó sọ igbá kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ti wọlé lọ jókòó sídìí máṣìnì. Ó fi òwú kan ẹnu, ó fi bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pẹ́dà. Bùbá ìyàwó tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò sì dúró títí ó fi parí ọrùn rẹ̀, tó rán an padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tó fi eyín gé òwú rẹ̀.

Ó wá pe ọmọ rẹ̀. Fadilah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, orí rẹ̀ ní eruku Ìdí-Àrà. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Ó ní fírídọ̀mù tí wọ́n fẹ́ ṣe bí ọyẹ́ bá lọ, wọ́n ti ṣe é báyìí. Ó wúre, àwọn ọlọ́kadà tó kún ẹnu ọ̀nà ṣe àmín. Ó wá mú gèlè tó ti tú sọ́rùn Fadilah, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣùgbọ́n gèlè yìí burú," ó ní.

Igbá náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn, ojú sísán rẹ̀ ni Fadilah fi òwú pupa rán. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá dé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Ọ̀nà Ìdí-Àrà ti là, Bàbá Ògúnkànmí ló ń ṣíwájú àwọn birikìlà tó ń tún ibẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tó ń gba ẹnubodè wọlé tí kò mú ìgbálẹ̀ dání. Ní ti gèlè, bí ẹ bá dé Mowe lónìí tí ẹ rí àwọn ọmọge tó wé e bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ kọ́ ọ ni.